Òpó Ẹ̀rọ Bíà Àfọwọ́ṣe: Inú Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí nílé àti lẹ́yìn odi. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń pọn bíà fún ìlò ara wọn nínú ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbádùn ibi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ̀rọ̀ nípa mọ́ọ̀tì, ìwúkàrà àti bí a ti ń fi sùúrù dúró de ọtí, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí òpó ẹ̀rọ bíà, ìyẹn òpó tó máa ń dúró lórí káńtà ilé ọtí tí ẹnu ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, ó sọ nǹkan méjì tí n kò lè gbọ́ kí n dákẹ́. Ó ní páìpù irin èyíkéyìí tó bá ti dán ni ènìyàn lè fi ṣe é, ó sì tún ní bí bíà bá ń yọ ìfófòó jù, kí a ṣáà dín agbára gáàsì kù. Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ni mo fi ń jẹun ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń pọn bíà fún ara mi àti àwọn tó bá wá kí mi. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ méjèèjì ni pé ọ̀nà ọ̀fun ni òpó bíà jẹ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ohun tí bíà yóò máa fara kàn àti bí òtútù yóò ṣe gun òkè rẹ̀, kó tó máa ro igi tàbí irin tí yóò fi wọ̀ ọ́ láṣọ.

Kí n kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀, nítorí ó ń ba àwọn kan lẹ́rù. Láti ọdún 1880 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ń pọn bíà nínú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ní ọdún 1963, Reginald Maudling, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, fagi lé e nínú ètò ìṣúná rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ènìyàn ti lè pọn èyí tó bá wù ú, bí kò bá ṣáà ti tà á. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó fàyè gbà á, tó sì fi òdiwọ̀n sí i ní 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún fún ilé tí àgbàlagbà kan ṣoṣo ń gbé, àti 200 fún èyí tí wọ́n bá pé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di ọdún 2013 kí ìpínlẹ̀ Alabama àti Mississippi tó gbà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ títà yẹn dáadáa o. Ẹni tó gbé òpó bíà rẹ̀ lọ sí ibi ìkómọ tàbí ọjọ́ ìbí, tó wá ń gba owó lórí ife kọ̀ọ̀kan, ti ń ta ọtí láìní ìwé àṣẹ, ì báà jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń mu ún.

Òpó yìí kò pẹ́ láyé bí àwọn kan ti rò. Lọ́dún 1797 ni Joseph Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ fífà tí a fi ń fa bíà láti inú àjàalẹ̀ wá sórí káńtà, ọwọ́ gígùn tí ẹni tó ń tajà ń fà wá sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí àtijọ́ sì ti ibẹ̀ wá. Nígbà tó yá ni bíà inú àgbá irin tí gáàsì ń tì jáde wá gbòde, òpó tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sì bá a wá, títí ó fi di ohun tí àwọn tó fẹ́ràn bíà àtijọ́ ń bínú sí, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ lọ́dún 1971. Èmi kò sí nínú ìjà wọn, nítorí pé nínú ilé tí kò ní àjàalẹ̀, tó jẹ́ fíríìjì ni ènìyàn ní, òpó alágáàsì ló bójú mu.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí páìpù. Èyí tí wọ́n fi síńkì bò, tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò, ni òǹkọ̀wé yín fi ṣe àpẹẹrẹ, ó ní ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Òótọ́ ni pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kíkan wà nínú bíà, kíkan yẹn sì máa ń jẹ síńkì, tí yóò sì rò ó pọ̀ mọ́ ohun tí ènìyàn ń mu. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ohun mímu tó kan, tó bá sùn nínú ohun èlò tí a fi síńkì bò, máa ń fa inú rírun àti èébì. Idẹ náà ní ti tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹnu ẹ̀rọ tí kò wọ́n ló jẹ́ idẹ tí wọ́n fi kúróòmù dídán bò lójú, òjé sì máa ń wà nínú idẹ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń jẹ́ kó rọrùn láti gé àti láti lu. Bí kúróòmù náà bá ti ń bó nínú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó, bíà yóò máa fara kan idẹ, èyí tó sì sùn mọ́jú nínú ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú ife ẹni tó bá ṣí i lówùúrọ̀. Bàbà ńkọ́? Àwọn apọntí ti ń se bíà nínú ìkòkò bàbà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n bíà tó ti jinná, tí gáàsì sì ti wọ̀ lára, kò gbọdọ̀ máa gba inú bàbà kọjá, nítorí pé omi tó ní gáàsì nínú máa ń tú bàbà, bàbà sì máa ń tètè ba adùn ọtí jẹ́.

Ohun tó yẹ kó kan bíà ni irin tí kì í dípẹtà àti rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ohun mímu, kò sí ẹ̀kẹta. Ẹnu ẹ̀rọ, ọ̀pá kékeré tó gba inú ara òpó kọjá láti so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ rọ́bà, àti àwọn ìsopọ̀ tó wà lórí àgbá, kí gbogbo wọn jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Owó tí ẹ bá rí níbi igi àti ọ̀dà, ẹ kó o síbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti wà, ẹ lè fi ohunkóhun tó wù yín ṣe ara òpó, torí bíà kò ní rí i: páìpù PVC tó fẹ̀, igi tí a gbẹ́ ihò sí láàárín, bàbà tí a fá tó ń kọ mọ̀nà, àní páìpù síńkì tí òǹkọ̀wé yín fẹ́ràn yẹn pàápàá. Mo ti rí èyí tí ọmọ wa kan fi igi ìrókò ṣe, tó fín ojú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin, ó wù mí gan-an ni, ọ̀nà inú rẹ̀ sì mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìfófòó ni mo fẹ́ kí a farabalẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn yín ti lè ba bíà ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Gáàsì tó wà nínú bíà kò jókòó síbẹ̀ lásán. Òtútù àti agbára tí a fi tì í ló dè é mọ́lẹ̀. Bí bíà bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 tàbí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí agbára gáàsì tó wà lórí rẹ̀ sì tó 12 psi (psi ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára gáàsì), yóò ní gáàsì tó tó fún ọ̀pọ̀ irú bíà, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀. Wàyí o, inú fíríìjì ni àgbá wà, òpó sì wà lókè lóde, nínú yàrá tó móoru. Bíà díẹ̀ máa ń kù nínú rọ́bà tó wà nínú òpó lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti pa ẹnu ẹ̀rọ dé, láàárín wákàtí kan péré, ìyẹn á ti móoru bí yàrá. Bí a bá tún wá ṣí i, gáàsì inú bíà gbígbóná yẹn á já, gbogbo rẹ̀ á sì di ìfófòó, bíà tútù tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á tún kan ara ẹnu ẹ̀rọ tó gbóná, á sì hó díẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ife àkọ́kọ́ fi máa ń jẹ́ ìfófòó, tí ìkejì á dára, tí ìkẹta á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ènìyàn bá ń bu wọ́n tẹ̀léra. Ẹni tó bá rí irú èyí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tó wà lórí àgbá gáàsì tí a fi ń dín agbára gáàsì kù. Òpó rẹ̀ ló gbóná.

Bí ẹni náà bá wá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yín, tó dín gáàsì kù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Agbára tó de gáàsì mọ́ inú bíà ti dín, nítorí náà gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú bíà, nínú àgbá àti lójú ọ̀nà nínú rọ́bà, ẹ ó sì máa rí àyè òfìfo níbi tí gáàsì ti kó ara jọ nínú rọ́bà náà. Ìfófòó kò ní lọ, ó lè pọ̀ sí i, nígbà tó bá sì fi di ọjọ́ mélòó kan, bíà fúnra rẹ̀ á ti tẹ́, kò ní ta lẹ́nu mọ́. Ẹni náà á wá ní òun kò mọ ọtí pọn. Bẹ́ẹ̀ ọtí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ife ló ń yọ ìfófòó, láti àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, ìyẹn ni a lè wá wò bóyá rọ́bà ló kúrú jù tàbí ihò rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Rọ́bà ni ìjánu bíà: ó yẹ kó gùn, kí ihò rẹ̀ sì há, tó fi jẹ́ pé nígbà tí bíà bá máa fi dé ẹnu ẹ̀rọ, agbára tó ń tì í á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á sì rọra ṣàn. Rọ́bà tí ihò rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, tí gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 3, ló bá 12 psi mu nínú ilé. Ẹ ká a jọ sórí àgbá nínú fíríìjì, kó lè tutù pẹ̀lú ọtí. Àwọn tó ń gé e kúrú torí kó lè wà létòlétò ni wọ́n máa ń wá pariwo ìfófòó lẹ́yìn.

Láti mú òpó tutù, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí a fi rọ́bà bíà sínú páìpù bàbà tí ìdí rẹ̀ wọnú fíríìjì, tí orí rẹ̀ sì fara kan ọ̀pá ẹnu ẹ̀rọ, torí bàbà máa ń gbé òtútù dáadáa, bíà kò sì fara kàn án. Ó dára, ṣùgbọ́n òpó kúkúrú ló wúlò fún. Èkejì, tí mo fọwọ́ sọ̀yà fún, ni fáànù kékeré irú èyí tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà, tó ń lo iná 12V: ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn tútù gba inú rọ́bà mìíràn lọ sókè pátápátá nínú òpó, kí atẹ́gùn náà sì rí àyè padà wálẹ̀ sínú fíríìjì. Ẹ wá fi fóòmù bo ara òpó nínú yípo. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọn kì í fi àyè ìpadàbọ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn náà, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tí kò rí ibi padà sí kò ní wọlé. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí òpó tínrín jù. Kí inú rẹ̀ lè gba rọ́bà bíà, rọ́bà atẹ́gùn àti fóòmù, kí àyè díẹ̀ sì tún ṣẹ́kù.

Lílu ihò sára fíríìjì kò sí nínú àpilẹ̀kọ yín rárá, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí òun ló léwu jù nínú iṣẹ́ náà. Páìpù tí gáàsì ìmútutù ń gbà kọjá máa ń wà nínú ògiri fíríìjì, lábẹ́ páànù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Bí ohun ìlu-ihò bá gún un, fíríìjì náà ti kú nìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní sì rèé, gáàsì R600a tó ń gbiná ló wà níbẹ̀. Kì í sábà sí páìpù lára ilẹ̀kùn, nítorí náà ẹni tí kò dá lójú lè gbé ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, kó gbàgbé òpó. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé òpó sórí fíríìjì dandan, kó po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọtí líle, kó fi pa orí fíríìjì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sì so fíríìjì náà mọ́ iná mànàmáná kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ibi tó bá yára gbẹ, tó yọ ìlà, ni páìpù tó ń gbóná gbà kọjá. Kí ó yọ okùn iná fíríìjì náà kúrò lára ògiri kó tó lu ihò, kí ó kọ́kọ́ gé páànù nìkan, kí ó sì fi ọwọ́ yọ fóòmù inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kó lè rí ohun tó wà níbẹ̀ kí irin tó kàn án.

Gáàsì CO2, ìyẹn èyí tó ń ti bíà jáde, náà kò ṣeé fojú kéré. Àgbá gáàsì tó wọ́pọ̀ ní ilé ọtí níhìn-ín gba kílógíráàmù 6.35, bó bá sì jò tán sínú ilé, á ju lítà 3,000 lọ. Kò ní òórùn, ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń kó ara jọ sí, ẹni tó bá sì wọ yàrá kékeré tó ti kún lè ṣubú kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Àmì rẹ̀ ni kí orí máa fọ́ni, kí èémí sì máa yára. Ẹni tó bá rí èyí kó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má ṣe dúró wá ibi tó ń jò. Kí àgbá gáàsì dúró ṣánṣán, kí a fi okùn tàbí ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ara ògiri, kí ó má sì sí nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Agbára tó wà nínú rẹ̀ ní yàrá tó móoru díẹ̀ tó nǹkan bíi 57 bar, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí bíà nílò, ìyẹn 12 psi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò tó 1 bar, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè lò ó láìsí rẹ́gúlétọ̀ tí wọ́n ṣe fún CO2, kì í ṣe ti gáàsì ìdáná tí a gbé wá láti ilé. Omi ọṣẹ tí àwọn ìyá wa ń fi yẹ gáàsì ìdáná wò, ìyẹn ṣiṣẹ́ níhìn-ín náà.

Ti fífọ̀ kò gùn. Ilé ọtí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fọ rọ́bà rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ilé, ẹ fọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà tí àgbá bá tán, kí ẹ sì tú ẹnu ẹ̀rọ palẹ̀ pátápátá, nítorí inú rẹ̀ ni bíà ti ń gbẹ tó ń di gọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ra àgbá tí wọ́n ti lò rí, irú èyí tó gba lítà 19 tí àwọn iléeṣẹ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo òrùka rọ́bà rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíà yín á máa rùn bí ọsàn àtọwọ́dá.

Ó ku ìbéèrè kan tí òǹkọ̀wé yín bi ní ìparí, pé kí ló dé tí a kò fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ẹmu sínú irú ẹ̀rọ báyìí. Ó wu èmi náà kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ó sì máa dí ọ̀pá tó ń fa ọtí láti ìsàlẹ̀ àgbá kí ife kejì tó kún, àfi bí a bá kọ́kọ́ jẹ́ kó rò nínú òtútù, tí a sì rọra da òkè rẹ̀ nìkan sínú àgbá. Ẹmu ní tirẹ̀ kì í yé kan, gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ yọ á máa pọ̀ nínú àgbá tí a dé pa, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kó lo àgbá irin tó ní ihò ìtúsílẹ̀, kó má sì yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì oníke dán irú èyí wò láéláé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tẹ àtúnṣe kan sínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, ní ojú ìwé kan náà tí àpilẹ̀kọ yẹn wà, kí ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ páìpù síńkì àti ẹnu ẹ̀rọ onídẹ, torí ẹni tó ti bá ìmọ̀ràn náà lọ sí ọjà lè ti gbé òpó rẹ̀ nàró báyìí. Kó má da igi rẹ̀ nù, kó má sì da bíà rẹ̀ tó kù nínú àgbá nù bó bá jẹ́ àgbá irin tí kì í dípẹtà. Rọ́bà, ọ̀pá àti ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni kó pààrọ̀, kó sì da èyí tó ti sùn nínú wọn sí kòtò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnfíríìjìṣe kan,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù